Oṣù Méjìlá ní Ìkòsí

Nimat ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìjọba Amẹ́ríkà ń retí ìwé owó orí lọ́dọ̀ Kẹ́misọ́lá. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìkòsí, ó ń bá àwọn tó ń ṣe ìwé owó orí fún ènìyàn ṣiṣẹ́ ní Ojota, ó sì fẹ́ràn àwàdà púpọ̀. Mo ní kó sọ fún Amẹ́ríkà pé Kẹ́mi ń fọ abọ́ lọ́wọ́, tó bá fọ̀ ọ́ tán yóò dá wọn lóhùn.

Nimat kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Mummy Kẹ́mi, ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tí wọ́n bá bí sí Amẹ́ríkà, ọmọ wọn ni. Ibi yòówù kó máa gbé láyé, tó bá ti ń ṣiṣẹ́, tó ń rówó tó tó iye kan, ó gbọ́dọ̀ máa kọ̀wé sí wọn lọ́dọọdún. Kódà bí kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀."

Inú bí mi. Mo bi í pé irú ìlú wo nìyẹn. Ọmọ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn lóṣù mẹ́jọ, tí kò jẹ búrẹ́dì wọn rí, wọ́n tún ń bi í ní iye tó ń gbà níbi iṣẹ́ ní Anthony? Nimat ní bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn. Ó ní báǹkì tí Kẹ́mi ti ṣí àkáǹtì nígbà tó ríṣẹ́ ti bi í ní ibi tí wọ́n bí i sí, Kẹ́mi sì ti kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù wọn. Ó ní bí Kẹ́mi bá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún lọ́dún tó ń bọ̀ bó ṣe ń wí, ó sàn kí ìwé rẹ̀ mọ́ kó tó lọ.

Mo bínú sí Amẹ́ríkà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. N kò tíì mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Kẹ́mi. Ìgbòho ni wọ́n ti bí wa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ ọdún méje, ìyàwó pásítọ̀ kan mú un lọ sí Ìbàdàn, ó fi í sílé ìwé, ó sì sọ ọ́ ní Judith. Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ fún oko. Judith kàwé, ó fẹ́ Bámi, wọ́n jọ lọ sí Amẹ́ríkà. Kẹ́mi pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí àìsàn mú Judith, ó sì gbé ọmọ náà wá bá mi ní Èkó, níbi tí mo ti wá ń ṣiṣẹ́, kí n lè máa tọ́jú àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tí Judith fi kú. Bámi dúró sí Houston, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tí Kẹ́mi pé ọdún mẹ́rin, Bámi náà kú. Àbúrò rẹ̀, Richard, tó ń gbé nílùú kan náà, ló kó ẹrù rẹ̀. Gbogbo ìwé Kẹ́mi wà nínú ẹrù náà, títí kan káàdì tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí Amẹ́ríkà ń fún ọmọ wọn kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa lò títí tí yóò fi kú.

Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà. Àpò ni mo ń rán ní Mile 12. Bí ọkọ̀ bá já ẹrù láti Òkè Ọya sílẹ̀, àpò tó bá ti ya ló ń di tèmi. Mo máa ń jókòó lẹ́yìn àwọn alálùbọ́sà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn àti okùn, mo ń rán an kí wọ́n lè tún un lò. Àwọn Hausa ń pè mí ní Mama Buhu, nítorí búhù ni wọ́n ń pe àpò. Orí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Kẹ́mi ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Nígbà tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni èmi náà lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ ní Ketu. Yorùbá ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti sọ àtàǹpàkò mi di yíyi, ó sì pẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ti ń di bírò mú.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Nimat gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí pálọ̀ mi, òun àti Kẹ́mi sì kọ gbogbo ohun tí ìwé owó orí náà béèrè. Nọ́ńbà Kẹ́mi ti wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tó ń tún páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe ló béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Richard lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Richard fi ń sọ pé òun kò tíì rí káàdì náà, kó tó wá kà á fún un. N kò fura. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kejì ó padà. Wọ́n ní nọ́ńbà náà ti wà nínú ìwé ẹlòmíràn lọ́dún yẹn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ onítọ̀hún.

Nimat ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wo ojú mi. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọmọ náà sínú ìwé owó orí tirẹ̀. Ìjọba á dín owó orí rẹ̀ kù nítorí ọmọ náà, wọ́n tún lè fún un lówó lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi í: oṣù mélòó ni ọmọ yìí fi gbé nílé rẹ lọ́dún yìí?

Mo bi í pé kí ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀.

"Tó bá jẹ́ gbogbo ọdún ni, méjìlá."

Kò sí ẹni tó dárúkọ Richard nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹlòmíràn tó ní nọ́ńbà náà lọ́wọ́.

Nimat tẹ ìwé náà sórí bébà, Kẹ́mi fọwọ́ sí i, wọ́n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, lẹ́tà dé sí ọ́fíìsì Nimat. Irú rẹ̀ kan náà lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì. Wọ́n ní ènìyàn méjì ló lo nọ́ńbà kan ṣoṣo, kí ẹni tí tirẹ̀ kò tọ̀nà lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò wádìí. Richard, tí kò pè wá fún ọdún méjì, pè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ní òun ń bọ̀ wá wo ilé tí òun ń kọ́ sí Magodo, òun yóò sì yà kí wa.

Kó tó dé, èmi àti ìbéèrè oṣù mélòó yẹn la jọ ń lọ sọ́jà, la jọ ń bọ̀. Mo ń rán àpò, mo ń ka ọdún. Ọdún tí Odò Ògùn kún wọ yàrá wa nígbà tí a ṣì ń gbé ní Agboyi, tí mo gbé Kẹ́mi lé orí tábìlì, tí èmi dúró nínú omi títí ilẹ̀ fi mọ́: Richard kọ méjìlá. Ọdún tí ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí mo ń pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbá mi ní orúnkún: Richard kọ méjìlá. Ọdún tí mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí Judith fi sílẹ̀ fún mi nítorí ìdánwò Kẹ́mi: méjìlá. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ àpò, mo máa ń fà á jáde bí ẹni pé ó ṣẹ̀ mí. Alálùbọ́sà kan ní, "Mama Buhu, àpò ni o, kì í ṣe ọ̀tá." 

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni Richard dé. Dírẹ́bà rẹ̀ dúró dè é níta.

"Ìyá Kẹ́mi, ẹ kú ilé o. Ẹ wò ó, ẹ ò tiẹ̀ darúgbó."

Ó gbé fóònù tuntun kan nínú páálí lé orí tábìlì, ó ní ti Kẹ́mi ni. Ó bú ooru Èkó, ó bú iná tí kò sí, ó sọ̀rọ̀ nípa táìlì tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lẹ̀ ní òdì ní Magodo. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Kẹ́mi.

"Kẹ́mi mi, sáré lọ ra míníràlì tó tutù wá fún wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sọ ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ọmọ ọdún méje ni Kẹ́mi nígbà náà. Richard wá kí wa, ó ní kó lọ ra míníràlì, ọmọ náà sì sáré jáde. Nígbà tó jáde tán ni Richard yọ ìwé kan àti íńkì. Ó ní ìwé owó ilé-ìwé ọmọ ni, òun fẹ́ máa san án láti ọ̀hún, kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó san án fún táàmù méjì, kò sì san án mọ́.

Mo sọ fún Kẹ́mi pé kó jókòó. Mo sọ fún Richard pé omi tútù wà nínú kúlà.

Richard rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà la fẹ́ sọ. Mo ní ọ̀rọ̀ Kẹ́mi ni, àti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kì í ṣe ọmọdé. Kẹ́mi jókòó sórí apá àga mi.

Ni ó bá yọ ìwé méjì jáde. Lọ́yà rẹ̀ ní Houston ló kọ èyí tó jẹ́ tuntun. Kẹ́mi àti èmi ni yóò fọwọ́ sí i pé ọ̀dọ̀ Richard ni Kẹ́mi ń gbé láti kékeré, pé ó kàn wá lo ìsinmi ní Ìkòsí ni, pé ó ṣe àṣìṣe nínú ìwé tó kọ. Èkejì ti pọ́n. Mo rí àmì àtàǹpàkò mi nísàlẹ̀ rẹ̀, dúdú, pẹ̀lú àpá abẹ́rẹ́ láàárín. Ó tì í sí iwájú mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní mo ti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ṣé mo rí i. Ó ní bí àwọn tó ń wádìí bá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí Kẹ́mi kọ, èmi àti Kẹ́mi ni yóò di òpùrọ́, kì í ṣe òun.

Mo fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìka rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ mi bí mo bá rí i, mo sì mọ orúkọ Kẹ́misọ́lá. Mo fi ìka tọ́ ọ, mo ń kà á sókè, mo ń kọsẹ̀, mo ń padà sẹ́yìn, mo tún ń kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi Àjọkẹ́ fi ọmọ náà lé Richard lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé èmi fúnra mi ni mo sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n kọ ọ́ pé Houston ló ń gbé. Richard ń wo ẹnu mi bí ẹni pé àga tí mo jókòó lé ló ń sọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo lẹ kọ́ ìwé?"

"Lẹ́yìn tí o lọ."

Àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ni mo ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní ìwọ, n kò sì padà sí ẹ̀yin mọ́.

Kẹ́mi bi í láti ìgbà wo ló ti ń lo nọ́ńbà òun. Ó dáhùn bí ẹni tí wọ́n bi ní aago. Ó ní láti ìgbà tí Daddy rẹ̀ ti kú. Ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ní kì í ṣe olè. Ó ní ilé ayé le lọ́hùn-ún, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é, owó náà kò sì pọ̀ tó bí a ṣe rò. Nígbà tó rí i pé ojú wa kò yí padà, ó gba ọ̀nà mìíràn.

"Ọmọ Bámi, ọmọ mi ni. Nínú ilé Yorùbá wo ni wọ́n ti ń sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni kì í ṣe ọmọ ẹni? Ẹ̀yin náà tí ẹ ń bínú, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

Ọ̀rọ̀ náà bà mí níbi tó fẹ́ kó bà mí. N kò bí Kẹ́mi. N kò bí ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé àwa Yorùbá ló bi í pé ọmọ ta ni Kẹ́mi, tí kì í ṣe ìjọba Amẹ́ríkà, bóyá ǹ bá dákẹ́, nítorí èmi náà ni mo kọ́ Kẹ́mi láti máa pè é ní Daddy Amẹ́ríkà.

"Wọn ò bi ẹ́ pé ọmọ ta ni," mo wí. "Ibi tó ń sùn ni wọ́n bi ẹ́. O sì mọ ibi tó ń sùn, torí orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lo gbé báàgì ẹ lé lọ́jọ́ tí o wá gba àtàǹpàkò mi."

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó kọjú sí Kẹ́mi. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. Ó ní yàrá kan ṣófo nílé òun ní Houston. Ó ní ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì kò jìnnà síbẹ̀, òun á máa gbé e lọ láràárọ̀. Ó kàn ní láti fọwọ́ sí ìwé kan péré. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n lè gba gbogbo ohun tí òun ní, òun lè pàdánù iṣẹ́, àwọn ọmọ òun kò ní dárí jì í láé. Ṣé bó ṣe fẹ́ san oore ẹbí bàbá rẹ̀ nìyẹn?

Mo mọ̀ bí Kẹ́mi ṣe ń fẹ́ lọ. Mo ti rí ìwé tó kọ orúkọ àwọn ilé-ìwé náà sí. Mo fi ọwọ́ di aṣọ mi mú, mo jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀.

Kẹ́mi gbé ìwé tuntun náà, ó kà á dé ìsàlẹ̀.

"Uncle, tí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mò ń rí láti ojú fèrèsé yàrá mi ní Houston, kí ni mo máa sọ?"

Richard na ìka sí i. Ó ní kó má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń gbébẹ̀. Ẹ sọ fún mi."

Ó dìde. Ó sọ fún wa pé kí a má pe òun mọ́ láé, pé kí Kẹ́mi má fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun bó bá dé Amẹ́ríkà. Ó kó ìwé tuntun náà. Ó fẹ́ mú èyí tó pọ́n náà, ṣùgbọ́n Kẹ́mi ti jókòó lé e. Ó wá gbé páálí fóònù náà kúrò lórí tábìlì, ó fi í há abíyá, ó sì jáde. Ọkùnrin tó ń kọ́lé sí Magodo.

Mo rò pé èmi àti Kẹ́mi yóò jọ rẹ́rìn-ín nípa fóònù yẹn. Mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì jókòó lórí ìwé náà, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Mummy, ọmọ ọdún méje ni mí lọ́jọ́ yẹn. Mo ti mọ ìwé kà. Èmi ni mo ń ka ara ìgò oògùn fún yín. Kí ló dé tí ẹ ò dúró kí n dé?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní àlejò ni, àna sì ni, ó ti òkè òkun wá. Mo ní ta ni yóò gba ìwé lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó gbé e fún ọmọdé níṣojú rẹ̀ kó wò ó bóyá irọ́ ló ń pa. Ojú ì bá tì mí. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Mo sáré," Kẹ́mi wí. "Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀, kí míníràlì yẹn má baà gbóná."

Ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́. Ì bá sàn kó gbá a.

Nimat ní a kò lè fi ìwé àtàǹpàkò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí Richard yóò ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí Kẹ́mi kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń wádìí, kó kó ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ mọ́ ọn láti kíláàsì kìn-ín-ní, kí onílé wa àti onílé Agboyi fọwọ́ sí i, kí èmi sì kọ tèmi. Ohun tí mo ní láti kọ ni pé n kò mọ̀wé nígbà náà, pé wọ́n kò ka ìwé náà fún mi, pé n kò sin ọmọ kankan dé pápákọ̀. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Kẹ́mi ń tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe láìwo ojú mi. Ó kọ ọdún kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀, ó kọ Agboyi tàbí Ìkòsí sí iwájú rẹ̀, ó sì kọ oṣù méjìlá. Ìlà mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó kù kí n fọwọ́ sí i, Nimat ní bó bá rẹ̀ mí, wọ́n á gba àtàǹpàkò náà. Mo wò ó. Ó ní kí n má bínú. Mo kọ orúkọ mi, Àjọkẹ́ Àtàndá, lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà, mo sì tẹ bírò náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi hàn lẹ́yìn bébà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Kẹ́mi wọṣọ iṣẹ́, ó fi lẹ́tà náà sínú àpòòwé ńlá. Ó ní òun á fi ránṣẹ́ ní Ojota kí òun tó lọ sí Anthony. Mo ní kí n sìn ín. Ó ní kí n jókòó, ọ̀nà kò jìn.

Mo tẹ̀lé e dé géètì. Láti ọjọ́ tí a ti kó wá sí Ìkòsí, bí Kẹ́mi bá ń lọ sílé-ìwé, ó máa ń dúró níbi ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkángun àdúgbò, yóò yíjú padà, yóò gbé ọwọ́ sókè sí mi kó tó yà. Nígbà tó di òṣìṣẹ́ pàápàá, kò fi í sílẹ̀. Èmi náà kì í wọlé títí tí yóò fi ṣe é.

Mo dúró. Ó ń rìn kánkán, ó gbá àpòòwé náà mọ́ àyà. Mo ti gbé ọwọ́ mi sókè díẹ̀. Ó dé ibi ẹ̀rọ omi, ó yà sí ọ̀nà ńlá, kò wẹ̀yìn.